Ìjókòó Ni Iṣẹ́ Mi

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ti àwọn ìyá nílé wọn láti ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí fífún ọmọ lọ́mú, nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ìyá ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń kọ sínú fáìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo òru: "Ọmọ mu ọmú dáadáa." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Bó ṣe máa ń rí rèé, ìyá á tẹ aago, màá sáré débẹ̀, màá fi ọwọ́ kan di ìpàkọ́ ọmọ mú, màá fi èkejì fún ọmú ìyá pọ̀, màá ti ọmọ mọ́ ọn, ọmọ á lanu, á gbá a mú, á fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìyá á rẹ́rìn-ín, èmi náà á ti dé ẹnu ọ̀nà torí ẹlòmíì ti tẹ aago tiẹ̀. Láti ìgbà tí mo wọlé títí mo fi jáde, kì í pé ìṣẹ́jú 10. Mi ò purọ́ nínú ohun tí mo kọ o, ohun tí mo rí ni mo kọ, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn fún gbé ọmọ ẹ̀ padà wá. Ọjọ́ kẹfà tó bímọ ni. Ẹnu ọmọ ti gbẹ, ẹyinjú ẹ̀ ti pọ́n, ó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ̀n ẹ̀ sì ti fi ìdá 12 nínú 100 já wálẹ̀ sí ti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ tuntun máa ń fọn díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdá 7 ò bani lẹ́rù, tó bá ti ń lọ sí 10 a máa ń fojú sí i gan-an, 12 ti di ọ̀ràn. Wọ́n dá ọmọ náà dúró, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ara ẹ̀ yá pátápátá, ọpẹ́ ni. Àmọ́ kí wọ́n tó gbé e wọlé, ìyá ẹ̀ wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó ń mu dáadáa." Kò pariwo. Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Mo lọ ṣí fáìlì, mo bá ìwé ọwọ́ mi níbẹ̀.

Mi ò sọ èyí láti bú àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n ń sáré, èmi náà sáré fún ọdún 11. Bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ọsibítù ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ò bára mu. Omi ọmú tó pọ̀ kì í dé lọ́jọ́ tí wọ́n bímọ. Èyí tó máa ń wà lọ́jọ́ kìíní ni omi ọmú àkọ́kọ́, ó ki, ó pọ́n díẹ̀, ó kéré, bíi ṣíbí kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì tó ọmọ torí inú ọmọ tuntun náà ò gba púpọ̀. Ìgbà tí ibi ọmọ bá ti jáde ni họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní progesterone á wálẹ̀, kí prolactin tó ń pèsè omi ọmú tó ráyè ṣiṣẹ́ ẹ̀, ìyẹn sì máa ń gba bí ọjọ́ 2 sí 4. Ẹ wá bá mi wò ó: lọ́jọ́ tí ọmú kún tó le koko, tí orí ọmú tẹ́ pẹrẹsẹ tí ọmọ ò rí nǹkan gbá mú, ìyá ti wà nílé. Kò sí aago tó máa tẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí ìgbà 12 lójúmọ́ ló yẹ kí ọmọ yẹn mu, gbogbo ìgbà tó bá sì mu ló ń dun ìyá, kò sì sẹ́ni tó ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Pátákó kan wà lára ògiri wọ́ọ̀dù wa, Ìgbésẹ̀ 10 lórí fífún ọmọ lọ́mú tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) àti UNICEF gbé jáde ní 1989 ló wà lórí ẹ̀, tí wọ́n tún ṣe ní 2018. Mo mọ̀ ọ́n lórí bí orin. Kí wọ́n gbé ọmọ lé ìyá láyà ní kété tó bá jáde, kí ọmú bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí ìyá àti ọmọ wà nínú yàrá kan náà tọ̀sán tòru, gbogbo ẹ̀ là ń gbìyànjú ẹ̀. Ìkẹwàá ló sọ pé tí wọ́n bá ń lọ sílé, kí wọ́n rí ìrànlọ́wọ́ tó máa bá wọn lọ. Èyí yẹn, ìwé kékeré kan la máa ń fún wọn, a ó ní ó dàbọ̀. Ọjọ́ tí mo jókòó síwájú fáìlì yẹn ni mo ti ń rò ó pé ìgbésẹ̀ kẹwàá yìí, ta ló ń ṣe é gan-an? Ọdún méjì gbáko ni mo fi rò ó kí n tó dìde láti dá iṣẹ́ tèmi sílẹ̀ lórí ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé tórí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì mo ti mọ̀ ọ́n tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ọmú ò gbà ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ìwé ẹ̀rí tí mo lépa ni IBCLC, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àgbáyé fún àwọn tó ń ran ìyá lọ́wọ́ lórí fífún ọmọ lọ́mú, àjọ tó ń fún èèyàn ti wà láti 1985, ọ̀nà tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń gbà sì gba wákàtí 95 ní kíláàsì, wákàtí 1,000 pẹ̀lú àwọn ìyá àti ọmọ gidi, kí èèyàn tó jókòó ṣe ìdánwò oníbéèrè 175. Ẹ̀yìn ọdún márùn-ún márùn-ún lèèyàn ń sọ ọ́ dọ̀tun. Mò ń ṣe wọ́ọ̀dù lóru, mò ń kàwé lọ́sàn-án.

Àgbà nọ́ọ̀sì kan ni mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá kan jókòó, ọmọ ń ké, mo ti na ọwọ́ láti gbá ìpàkọ́ ọmọ mú bí mo ṣe máa ń ṣe. Àgbà nọ́ọ̀sì yìí kàn sọ jẹ́jẹ́ pé, "Kó ọwọ́ ẹ sẹ́yìn." Mo kó o sẹ́yìn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni mo fi dúró bẹ́ẹ̀, ó ń gùn mí bí ìgbà tí ara ń yún èèyàn tí kò lè họ ọ́. Ọmọ fi orí gbá àyà ìyá ẹ̀, ó lá a, ó sinmi, ó tún gbé orí, ó lanu fẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló gbá ọmú mú. Nígbà tá a jáde, ó ní tí wọ́n bá ti fi ipá tì í ní ìpàkọ́, ọmọ á tarí padà sẹ́yìn, ìyá á sì rò pé ọmọ ò fẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ronú iye ìpàkọ́ tí mo ti dì mú ní ọdún 11.

Ètò iṣẹ́ gan-an ò ṣòro tó bí mo ṣe bẹ̀rù ẹ̀, ó kàn pọ̀ ni. Mo forúkọ sílẹ̀, mo rí i pé láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì mi ò tíì pé àkókò ìsọdọ̀tun, mo gba ìnṣọ́ránsì, mo ṣe fọ́ọ̀mù tí ìyá máa fọwọ́ sí kí n tó fọwọ́ kàn án tàbí kí n fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀, mo ra kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ fún fáìlì. Mo sọ fún ọ̀gá mi ní wọ́ọ̀dù kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, mo sì ṣèlérí pé mi ò ní fi iṣẹ́ ìjọba dọdẹ oníbàárà, ẹni tí mo bá tọ́jú ní wọ́ọ̀dù, mi ò ní fún un ní nọ́ńbà mi. Àwọn kan ní mò ń ṣe aṣiwèrè, pé ibẹ̀ gan-an ni ọjà wà. Ó wù mí kí n sùn dáadáa lóru ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan kejì tí mo dúró lé ni pé mi ò ní ta pọ́ǹpù, mi ò ní ta mílíìkì inú agolo, mi ò sì ní gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, ì báà jẹ́ bírò. Àdéhùn àgbáyé ti 1981 lórí ìpolówó ohun tí wọ́n fi ń rọ́pò omi ọmú sọ ọ́ kedere fún òṣìṣẹ́ ìlera, àmọ́ yàtọ̀ sí òfin, ẹ rò ó wò: ìyá tó ń sunkún jókòó níwájú mi, mo ní kó ra nǹkan, nǹkan náà sì wà nínú báàgì mi. Báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá ọmọ ẹ̀ ni mò ń rò ni àbí àpò mi? Èmi gan-an, ṣé màá mọ̀ ọ́n?

Ọ̀rọ̀ owó ló fẹ́ẹ̀ pa mí. Ìyá àkọ́kọ́ béèrè pé èló ni, mo ní ẹ má ṣèyọnu. Ìkejì bẹ́ẹ̀, ìkẹta bẹ́ẹ̀. Mò ń kúrò ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀, mò ń gba ilé àwọn èèyàn lọ, oorun gbé mi lọ lórí àga ní ilé ìyá kẹrin, òun ló fọwọ́ kàn mí léjìká tí mo fi jí. Ìkarùn-ún ló là mí lójú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbowó, tí mi ò bá sanwó mi ò ní lè pè yín padà." Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé inúure ni mò ń ṣe, mi ò mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ di ẹni tó ń tọrọ nǹkan, tí ojú á máa tì tó bá ní ìbéèrè kejì, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kejì yẹn ni ìṣòro gan-an máa ń wà. Látìgbà yẹn mo ń gba owó. Owó yẹn jẹ́ ti ìjókòó àkọ́kọ́ tó lè tó wákàtí méjì, àti ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá fi lè kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Àyè kan wà lọ́sẹ̀ fún ẹni tí kò ní, àmọ́ òun náà ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan náà, ó sì ń pè mí padà bíi tàwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjókòó kan ṣe máa ń rí. Ìyá kan, ọjọ́ kẹsàn-án, ó ní òun ò lómi lọ́mú, pé gbogbo ìgbà ni ọmọ wà lọ́mú, wákàtí kan, wákàtí kan ààbọ̀, kì í yó. Gbogbo àwọn tó wà nílé ti ní kó fún un ní fídà. Mo gbé síkéèlì mi jáde, èyí tó lè rí ìyàtọ̀ gíráàmù méjì, mo wọn ọmọ pẹ̀lú aṣọ àti ìlédìí tó wà lára ẹ̀: 3,286. Mo ní kí ìyá fún un lọ́mú bó ṣe máa ń fún un, mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo jókòó.

Fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbogbo nǹkan dáa. Tó bá jẹ́ wọ́ọ̀dù ni, ǹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin mi. Ìgbà tó di ìṣẹ́jú kẹfà ni mo gbọ́ ọ, kékeré báyìí, tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ahọ́n lu àjà ẹnu. Ahọ́n ọmọ ń já kúrò lábẹ́ ọmú nìyẹn. Mo wo àgbọ̀n ẹ̀: ọmọ tó ń gbé omi mì, àgbọ̀n ẹ̀ máa ń wálẹ̀ jìnnà, á dúró ṣíún, á padà, èèyàn á sì gbọ́ èémí kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀. Ti ọmọ yìí kàn ń gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́ ni. Ojú ẹ̀ ti pa dé, ó kàn so mọ́bẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 kọjá. Ọmọ jábọ́, orí ọmú jáde, ó rí pẹlẹbẹ lápá kan bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan tẹ̀ ẹ́. Mo wọn ọmọ, aṣọ kan náà, ìlédìí kan náà: 3,304. Gíráàmù 18 fún ìṣẹ́jú 40. Ìyá wo nọ́ńbà yẹn, ó wo mi, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé kò sí." Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wo ọmú kejì ná."

Mo ní kó fara ti àga sẹ́yìn díẹ̀ dípò kó tẹ̀ síwájú, kó gbé ọmọ sórí ara ẹ̀ kí ikùn ọmọ kan ikùn ẹ̀, kí àgbọ̀n ọmọ kọ́kọ́ wọnú ọmú kí imú ṣófo, kó dúró dìgbà tí ẹnu bá là fẹ̀. Ó pẹ́. Ọmọ gbìyànjú, kò bọ́ sí i, ó ké, ìyá fẹ́ẹ̀ ké tẹ̀lé e. Ìgbà kẹrin, ó wọlé. A gbọ́ ọ báyìí nínú yàrá tó dákẹ́: ó gbé mì, ó gbé mì, ó gbé mì. Ìyá ẹ̀ gbé ojú sókè, kò sọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 15: 3,338. Gíráàmù 34. Omi wà níbẹ̀ látìgbà yìí, ọ̀nà tó máa gbà jáde ni kò rí.

Mi ò ní kó máa wojú ọmú nìkan lọ́jọ́ yẹn o. Ọmọ ti pàdánù ọjọ́ púpọ̀, ó ní láti jẹun, ìyẹn ló ṣáájú nínú gbogbo ohun tí mo kọ́. A ń fi pọ́ǹpù fa èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó bá mu, a ń fún un, a ń wọn ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìlédìí tó tutù ti ju 6 lọ lójúmọ́, a dá pọ́ǹpù dúró.

Mo ti ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́ yìí náà, èyí tó sì ń dùn mí jù ni ti ìyá kan tí ọmọ ẹ̀ gbá ọmú mú dáadáa, tí kò sí ariwo tẹ̀ẹ́, tí gbogbo ẹ̀ gún, síbẹ̀ ọmú ò kún rárá ní ọjọ́ kẹjọ. Mo ní kó máa fi pọ́ǹpù fà á, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, tọ̀sán tòru, ó sì jẹ́ pé ẹ̀kán omi díẹ̀ ló ń rí. Èmi ń rò lọ́kàn mi pé bóyá kì í ṣe é tó. Nígbà tí mo padà lọ, ó dìde lọ sílé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, mo wá bi í pé ẹ̀jẹ̀ ńkọ́. Ó ní ó ń dà, pé ó tiẹ̀ ń dì bọ́ọ̀lù-bọ́ọ̀lù, pé òun rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ara mi tutù. Mo kọ lẹ́tà sí dókítà ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ṣe síkáànì lọ́jọ́ náà, èérún ibi ọmọ ṣẹ́ kù sínú. Ara ẹ̀ ṣì rò pé oyún ò tíì tán, progesterone ò jẹ́ kí omi ọmú dé. Wọ́n yọ ọ́, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ọmú kún débi pé aṣọ rin. Kì í ṣe pé kò ṣe é tó. Èmi ni mi ò béèrè. Ìbéèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ló wà lókè pátápátá lórí fọ́ọ̀mù mi báyìí, kódà kí ìyá wá fún ọ̀rọ̀ orí ọmú tó bó lásán, mo ń bi í.

Ìmọ̀ náà ń yí padà, èèyàn ní láti máa tẹ̀lé e. Ọdún gbọọrọ ni mo fi sọ fún àwọn ìyá tí ọmú wọn le tó sì ń gbóná pé kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí wọ́n fà á títí tó fi ṣófo. Ní 2022 àwọn dókítà tó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ọmú gbé ìlànà tuntun jáde pé fífi agbára tẹ̀ ẹ́ ń dá kún wíwú ni, pé fífà ju bó ṣe yẹ lọ ń mú kí omi tún pọ̀ sí i, pé kí wọ́n fi nǹkan tútù lé e, kí wọ́n máa fún ọmọ bó ṣe ń béèrè. Alẹ́ tí mo kà á, mo kọ̀wé sí ìyá 3 tí mo ti kọ́ ní ti àtijọ́. Ọ̀kan fèsì pé, "Ẹ ṣé Àǹtí, ó dùn mí gan-an nígbà yẹn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ìyá kan sì wà tí omi ò ní tó láé, bóyá ohun tó ń pèsè omi ò pọ̀ nínú ọmú wọn látìgbà tí wọ́n ti bàlágà, bóyá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n pàdánù níbi ìbímọ ti ba ẹṣẹ́ kan tó ń pèsè họ́mọ́ọ̀nù nínú ọpọlọ jẹ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí, lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ̀ wọ́n wò, torí mo ti rí ìyá tó fi oṣù mẹ́rin bú ara ẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ dáwọ́ dúró pátápátá, màá ràn án lọ́wọ́ kó rọra dáwọ́ dúró kí ọmú má baà wú, màá sì fi bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní fídà jẹ́jẹ́ hàn án, kó gbé ọmọ jókòó, kó jẹ́ kó máa sinmi láàárín. Ẹnì kan bi mí pé ṣé kì í ṣe ọmú ni mò ń polówó ni. Èmi ò polówó nǹkan kan. Ìyá àti ọmọ ni mo lọ bá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí ilé ìyá oní-gíráàmù 18 yẹn fún ìgbà ìkẹyìn. Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo jókòó. Ìgbà tí mo délé mo kọ fáìlì: "Ọmọ gbá ọmú òsì mú fúnra ẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé mì léraléra fún ìṣẹ́jú 14, kò sí ariwo ahọ́n. Ìka ọwọ́ ẹ̀ tó dì ní ìkúùkù tú díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọmú sílẹ̀ fúnra ẹ̀, orí ọmú rí roboto. Gíráàmù 88. Ìyá ní kò dun òun. Ìyá sùn lórí àga kí n tó kó ẹrù mi tán, bàbá ọmọ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀." Mo tún kọ àkókò sí ìsàlẹ̀ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́: ìṣẹ́jú 95.